Ìbòjú Tí A Kò Ṣí

Ohun tí ó kọ́kọ́ dun Heber Sturge lọ́jọ́ tí àwọn méjìlá tí kóòtù yàn láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dá a lẹ́bi ni pé wọ́n jẹun kí wọ́n tó ṣe é. Agogo méjìlá kù díẹ̀ ni wọ́n wọ yàrá wọn lọ láti gbìmọ̀. Ọlọ́pàá kan gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ ẹja wọlé tọ̀ wọ́n. Nígbà tí yóò fi di agogo méjì wọ́n ti jáde, ẹni tí ó ṣe aṣáájú wọn sì ń fi ahọ́n wá ohun kan tí ó há sí i léyín. Ó ní, "Ó jẹ̀bi." Heber ń wo ẹnu ọkùnrin náà. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ ti arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sọ́nà ẹ̀wọ̀n, ó yẹ kí ebi pa á díẹ̀ lórí rẹ̀.

Oṣù mẹ́rìnlá ni adájọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó wà nílé lórí béèlì títí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ẹ̀sùn náà ni pé ní ọjọ́ kejì Kérésì ó tú okùn ọkọ̀ ojú omi Chesley Rideout ní èbúté Hobbins Cove, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ gbá mọ́ àpáta. Ọkọ̀ tuntun ni, kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí omi. Lójú ẹni tí kò bá mọ Heber, ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ọdún méjì ni òun àti Chesley ti ń jà lórí ibi tí oníkálùkù yóò máa so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Heber sì ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, lójú ènìyàn mẹ́fà, pé ìsàlẹ̀ òkun ni ọkọ̀ yẹn yóò ti dára jù. Ó sọ ọ́. Kò sẹ́ rí.

Bí wọ́n ṣe rò ó ní kóòtù nìyí. Láti ọjọ́ kejì Kérésì títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ni àwọn oníbòjú máa ń rìn láti ilé dé ilé. Ọkùnrin á wọ yẹ̀rì ìyá rẹ̀, obìnrin á wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, wọ́n á ki ìrọ̀rí bọ ikùn àti ẹ̀yìn, wọ́n á wọ bàtà ọ̀tún sí òsì, wọ́n á ya aṣọ fèrèsé bojú. Wọn kì í fi ohùn ara wọn sọ̀rọ̀. Èémí ni wọ́n máa ń fà sínú tí wọ́n fi ń sọ ọ́, bí ẹni tí a da omi tútù lé láyà. Onílé á jókòó, á máa wò wọ́n tìka tẹsẹ̀, á sì pe orúkọ ẹni tí ó rò pé ó wà lábẹ́ aṣọ.

Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ í pè tó Azariah Blagdon. Ó sọ pé láti Kérésì mọ́kànléláàádọ́ta sẹ́yìn, oníbòjú kankan kò borí òun rí. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka iye ọmọ tí wọ́n bí ni Azariah ṣe ń ka iye oníbòjú tí ó ti mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oníbòjú kan ṣoṣo wọ ilé rẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro, bí Heber ṣe máa ń tiro. Azariah wà nílé, Drusilla ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Chesley náà sì wà níbẹ̀, ó wá mu ọtí Kérésì. Azariah fa dùùrù àfọwọ́fà rẹ̀, oníbòjú jó, ó sì jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i láti ojú fèrèsé bí ó ṣe gba èbúté lọ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí okùn. Kí Chesley tó rí bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kejì wọ̀, ọkọ̀ ti ń lọ.

Azariah gbé ọwọ́ lé Bíbélì. "Heber ni. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn bí mo ṣe mọ tèmi."

Ọ̀rẹ́ Heber ni Azariah láti kékeré. Wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà ni.

Heber kò jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba fún un nígbà náà bi í pé, "Níbo lẹ wà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, bàbá?"

"Ilé."

"Pẹ̀lú ta?"

"Pẹ̀lú ara mi."

"Kí lẹ ń ṣe?"

Heber wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́yà ní bí ó bá jẹ́ bí yóò ṣe dáhùn níwájú àwọn méjìlá nìyẹn, kí ó kúkú jókòó. Ó sì jókòó.

Ohun tí ó ń ṣe kò ju èyí lọ. Melita ìyàwó rẹ̀ kú nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn ni ó ń hun fún un nígbà tí àìsàn dé. Ó parí ọ̀kan, ìkejì kò kọjá ọrùn ọwọ́. Ní ọjọ́ kejì Kérésì, Heber ti ilẹ̀kùn, ó mú abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní òun yóò parí rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rò pé kò lè le. Èyí tí ó kọ́kọ́ hun, ẹja lè wọ inú rẹ̀ kí ó má rí ọ̀nà jáde. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tú u lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kò ní sọ èyí ní kóòtù. Bí ó bá sọ ọ́ lówùúrọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ wọn yóò ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tí yóò parí. Yẹ̀yẹ́ Hobbins Cove kò ní.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà ti já ohun kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọlọ́pàá ti mú un ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé béèlì rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ tẹ èbúté, kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kankan títí ẹjọ́ yóò fi parí. Erékùṣù Parson's Island ni itẹ́ òkú wọn wà, níwájú abúlé gan-an. Ènìyàn lè dúró ní ojú fèrèsé ilé ìdáná Heber kí ó máa wò ó. Melita wà níbẹ̀ lábẹ́ pátákó kékeré tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ rẹ̀ sí. Heber ti gbẹ́ àgbélébùú gidi fún un, ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i dáadáa, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Àgbélébùú náà fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó ti ṣe ìlérí fún un ní ilé ìwòsàn pé bí yìnyín bá ti yọ́ ni òun yóò gbé e kọjá. Yìnyín ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti dì. Bí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá sọ pé àwọn méjìlá ṣe é dáadáa, oṣù mẹ́rìnlá mìíràn ni, ara rẹ̀ kò sì fi dá a lójú pé òun ní oṣù mẹ́rìnlá tí òun lè fi ṣòfò.

Nínú oṣù kẹta ni lọ́yà tuntun wá láti St. John's, olú ìlú wọn. Mọ́tò rẹ̀ há sínú yìnyín lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù.

"Bàbá Sturge, ẹ kúulé o. Noreen Hanrahan lorúkọ mi. Èmi ni màá gbé ẹjọ́ yín lọ síwájú."

Heber wò ó láti fìlà dé bàtà. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, sà."

"Mo ní bàtà tó dàgbà jù ẹ́ lọ."

"Ṣé bàtà yín ti di lọ́yà, sà?"

Heber tún wò ó. Ó fa àga fún un, ó sì gbé omi tíì kaná.

Noreen sọ ìdìpọ̀ ìwé kan sórí tábìlì, tí ife méjèèjì fò sókè. "Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kóòtù rèé. Ojú ìwé irinwó ó lé méjìlá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun táwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn ò ní ṣe fún yín. Wọn ò ní pe ẹlẹ́rìí. Wọn ò ní bi yín léèrè ibi tẹ́ ẹ wà."

"Ó dáa."

"Ìwé yìí nìkan ni wọ́n máa kà. Wọn ò sì ní sọ pé, 'Ká ní àwa ni, a ò bá tí dá a lẹ́bi.' Ìyẹn ò tó. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé èèyàn méjìlá tórí wọn pé lè gbọ́ gbogbo èyí, kí wọ́n ní ó dá àwọn lójú?"

"Mo rí àwọn méjìlá náà. Orí wọn pé. Ikùn wọn ló kún jù."

"Mi ò lè kọ ìyẹn fún ilé ẹjọ́, sà."

"Mo kàn ní kí o mọ̀ ni."

Ó jókòó, ó ń kà. Heber dín búrẹ́dì, ó da oyin dúdú lé e, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ láìgbé ojú kúrò nínú ìwé. Wákàtí kan kọjá. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka tẹ ojú ìwé kan.

"Kí lèyí? Drusilla Blagdon nìyí, lọ́yà yín àtijọ́ ló ń bi í." Ó kà á sókè. "'Kí ni oníbòjú náà ṣe nígbà tí ọkọ yín pe orúkọ Heber?' 'Ó mi orí.' 'Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n pè é?' 'Ẹ̀ẹ̀mẹta.' 'Ṣé ó ṣí ojú?' 'Rárá o. Ó ń jó lọ ni. Ó mọ̀ ọ́n jó o, kí n má parọ́.' 'Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro?' 'Kò tiro nígbà tó ń jó. Ìgbà tó máa jáde ló tún bẹ̀rẹ̀.' Lọ́yà yín wá ní òun ò ní ìbéèrè mọ́, ó jókòó. Kí ló dé tó fi jókòó? Kí ni ìtumọ̀ pé ó mi orí?"

Heber gbé kẹ́tù sílẹ̀. "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ ní kóòtù ni?"

Heber nu ọwọ́ sí aṣọ. Ó rántí ọjọ́ náà. Drusilla bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù ni, ó ní ìlà funfun méjì ní ọrùn ọwọ́. Melita ló hun ún fún un. Ní gbogbo ìgbà tí Drusilla fi ń sọ̀rọ̀, ìbọ̀wọ́ yẹn ni Heber ń wò.

Ó ní, "Etí ń dùn mí lọ́jọ́ yẹn."

Ó fa àga, ó jókòó. "Gbọ́ mi, ọmọ yìí. Bó bá mi orí, 'Èmi kọ́' ló ń wí. Bí wọ́n bá pe orúkọ ẹ lábẹ́ ìbòjú, tó bá bọ́ sí i, wàá ṣí ojú. Kíá báyìí."

"Bí èèyàn bá kọ̀ ńkọ́?"

"Wọn kì í kọ̀."

"Mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹni tó bá kọ̀?"

Heber ro ó. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bi í pé kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá kọ̀ láti mí. "Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ̀ rí."

Noreen ti ń ṣí ìwé sẹ́yìn. "Mo rí nǹkan bí èyí níbì kan. Ó wà níbí, ojú ìwé àádọ́rùn-ún. Azariah Blagdon fúnra wọn. Àwọn méjìlá ò bi wọ́n, kò sẹ́ni tó bi wọ́n, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni: 'Tí mo bá pe orúkọ ẹni bọ́ sí i, dandan ni kó ṣí ojú. Òfin ni. Láti ayé bàbá mi, kò sẹ́ni tó rú u rí ní Hobbins Cove.'"

Lẹ́yìn náà, Heber bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà le jáde bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Oníbòjú borí Azariah! Wọ́n borí àgbàyà! Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò bọ́ sí i, ó sì mọ̀. Dípò kó sọ fáyé pé òun kùnà, ó kúkú ní kí n lọ sẹ́wọ̀n!"

"Ṣé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

"Ìwọ ò mọ Azariah. Kérésì mọ́kànléláàádọ́ta!"

"Kí ló dé táwọn méjìlá ò rí èyí?"

"Inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kó wọn wá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Oníbòjú kì í débẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló ń sọ."

Noreen mu tíì rẹ̀ tán, ó nu oyin kúrò lára ojú ìwé àádọ́rùn-ún. "Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa tú mọ́tò mi jáde nínú yìnyín."

Inú oṣù karùn-ún ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní St. John's. Heber wọ táì tí Melita rà fún un. Nígbà tí ó wo ẹ̀yìn, ó rí Azariah àti Drusilla tí wọ́n jókòó ní àga òǹwòran. Wọ́n ti wa ọkọ̀ akẹ́rù wọn fún wákàtí mẹ́jọ. Azariah kò lè gbà kí ẹjọ́ tí orúkọ òun wà nínú rẹ̀ kọjá lẹ́yìn òun. Heber yí ojú padà. Láti ọjọ́ tí Azariah ti jẹ́rìí, wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta wọlé. Obìnrin onírun funfun ni ó jókòó láàrin. Ẹni tí ó bá ti gbé etí òkun rí yóò mọ̀ ọ́n lẹ́nu rẹ̀ pé wọn kò bí i sáàrin ìgboro.

Ó ní, "Lọ́yà Hanrahan, mo ti ka ojú ìwé àádọ́rùn-ún." Ó gbé dígí sójú, ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ Azariah láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Kérésì mọ́kànléláàádọ́ta, òfin, bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Azariah na ọrùn sókè. Ó ń fi orí gbà á, ó sì fi ìgúnpá gbún Drusilla kí ó gbọ́ bí ilé ẹjọ́ ńlá ṣe ń ka ọ̀rọ̀ òun.

Adájọ́ ṣí ìwé lọ síwájú. "Mo wá ka ojú ìwé igba ó lé méjìlá. Ìyàwó ẹlẹ́rìí yìí kan náà sọ pé ọkọ òun pe Heber Sturge lẹ́ẹ̀mẹta, oníbòjú sì mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣí ojú." Ó bọ́ dígí. "Ṣé bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba, kì í ṣe pé ẹlẹ́rìí yín pe orúkọ tí kò bọ́ sí i?"

Ọrùn Azariah bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú kọ́là díẹ̀díẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. Ọkùnrin gíga ni. "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹni tó fẹ́ lọ ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́ kò ní ṣí ojú. Ó ní ìdí tó fi máa rú òfin eré. Àwọn méjìlá lè ro ó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Adájọ́ tí ó wà lápá òsì kọ nǹkan sílẹ̀. Heber rí i. Ó rí àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ́kàn rẹ̀.

Adájọ́ àárín kọjú sí Noreen. "Kí lẹ rí sí i?"

Noreen dìde. "Ọlọ́lá, mo gbà pé ẹni tó fẹ́ ṣebi á fi ara ẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí Heber Sturge bá fẹ́ fi ara ẹ̀ pa mọ́, kí ló dé tó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ wá? Oníbòjú á fi ìrọ̀rí yí ikùn padà, á fi èémí yí ohùn padà, á wá fi ẹsẹ̀ tí gbogbo abúlé mọ̀ sílẹ̀ gbangba? Bí kò bá sì fẹ́ pa ara ẹ̀ mọ́, kí ló dé tí kò ṣí ojú? Ìjọba gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Wọn ò lè mú méjèèjì."

Adájọ́ ní, "Ẹsẹ̀ yẹn. Ìyàwó náà sọ pé kò tiro nígbà tó ń jó. Ṣé Sturge lè jó láìtiro?"

"Ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rin, ọlọ́lá. Ìjọba ló mú lẹ́tà dókítà wá, láti fi hàn pé lóòótọ́ ni ó ń tiro. Irin ló wà ní orúnkún ẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Kò ká. Ẹni tó tiro wọlé, tó jó geere, tó tún tiro jáde, kì í ṣe Heber Sturge. Ẹni tó ń sín Heber Sturge jẹ ni."

Adájọ́ wo agbẹjọ́rò ìjọba. Ọkùnrin gíga náà ṣí ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó ní, "Kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi kún un, ọlọ́lá."

Lẹ́yìn, Heber gbọ́ ohùn Drusilla. Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ: "Ṣé o gbọ́, ọ̀gbẹ́ni Òfin-Ni?"

Àwọn adájọ́ jáde. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n padà, obìnrin onírun funfun sọ pé àwọn kì í ṣeré pẹ̀lú ìdájọ́ àwọn méjìlá, nítorí àwọn ni wọ́n rí ẹlẹ́rìí lójú kòrókòró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí inú ìwé yìí fúnra rẹ̀ kò gbà kí ènìyàn tí ó ń ronú bó ti yẹ dá ọkùnrin yìí lẹ́bi. Ìdájọ́ náà kò bọ́gbọ́n mu. Wọ́n fagi lé e, wọ́n dá Heber Sturge sílẹ̀, béèlì rẹ̀ sì parí láti ìṣẹ́jú yẹn.

Heber jókòó sójú kan. Noreen di apá rẹ̀ mú. "Bàbá, ó tán. Ẹ ti bọ́."

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn adájọ́."

"Rárá, sà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n."

"Ó hàn."

Ní ọjọ́ kẹta, kí ìkùukùu tó ká, Heber gbé àgbélébùú sí èjìká, ó gba èbúté lọ. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, pákó rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là. Ó mọ̀ pé omi yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó débẹ̀, Azariah ti jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún.

Heber ní, "Mi ò pè ẹ́."

"Ta ló ní o pè mí? Parson's Island ni mò ń lọ."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ wo ẹyẹ."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹyẹ?"

"Àárọ̀ yìí. Ṣé wàá wọlé àbí wàá máa gbé igi dúró síbẹ̀?"

Heber wọlé. Ó jókòó síwájú, ó kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, Azariah pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ń léfòó, omi ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Heber. Ta ni?"

"Ta ni kí ni?"

"Má bá mi ṣeré, ọkùnrin yìí. Mi ò tíì sùn dáadáa láti Kérésì ìdúnta. Ta ni oníbòjú yẹn?"

"Báwo ni màá ṣe mọ̀? Mi ò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ tán."

"Mo rò pé Drusilla máa mọ̀. Kò mọ̀. Mo bi Chesley, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Mo ti wo ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì." Azariah ń fi èékánná ha ọ̀dà ara ọkọ̀. "Nígbà tó mi orí lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé mo ti kùnà. Mo mọ̀ ọ́n nínú ilé, mo sì mọ̀ ọ́n ní kóòtù. Ọwọ́ mi wà lórí Bíbélì, mo sì mọ̀ ọ́n."

Heber kò yíjú padà. Ó ń wo erékùṣù. Ó ní, "O ṣe é burú, Azariah."

"Mo mọ̀."

"Ó burú gan-an."

"Drusilla ti sọ ọ́ láti St. John's délé. Wákàtí mẹ́jọ. Kò mí."

Èjìká Heber mì díẹ̀. "Tan ẹ́ńjìnnì ẹ."

"Sọ nǹkan kan fún mi kí n tó tàn án. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí lò ń ṣe nílé tí o ò fi lè sọ ọ́?"

Heber ro ó títí. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, àárín omi sì ni wọ́n wà. "Mò ń hun ìbọ̀wọ́."

Azariah bú sẹ́rìn-ín tí ọkọ̀ fi ń fì. Ó di ikùn mú. "Ìbọ̀wọ́! Ìwọ! O ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa! Abájọ tí lọ́yà fi ní kí o jókòó!" Ó ń rẹ́rìn-ín tan ẹ́ńjìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín dé èbúté erékùṣù.

Ilẹ̀ ti rọ̀. Heber fa pátákó kékeré náà yọ, ó gbẹ́ ihò, ó ri àgbélébùú mọ́lẹ̀, ó fi òkúta há a. Azariah bá a di igi mú kí ó má wọ́. Lẹ́yìn náà Heber ki ọwọ́ bọ àpò. Ó fa ìbọ̀wọ́ méjì jáde. Ó wọ ọ̀kan sí ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí Melita parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti yọ. Ìkejì ni ó fi kọ́ apá àgbélébùú.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Azariah. Ó súnmọ́ ọn. Ó wò ó tìka tẹsẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo oníbòjú.

"Heber. Àtàǹpàkò ẹ̀ wà lẹ́yìn."

"Mo mọ̀."

"Melita á tú u."

"Á tú u."

Afẹ́fẹ́ wọ inú ìbọ̀wọ́ náà, ó wú bí ẹni pé ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Heber dúró tì í. Kò bọ́ fìlà. Ó ní oṣù mẹ́rìnlá lọ́wọ́ tirẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, "Bí mo bá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù..."

Azariah ti kọjú sí òkun, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Gbọ́ kí ni? Ẹyẹ ni mo wá wò."